Ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ kò lè gba ọmọ lọ́wọ́ HIV

Mo ṣèlérí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la ó máa bá lọ, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sún ìyẹn síwájú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi tí kò jẹ́ kí ọkàn mi lè lọ sórí nǹkan mìíràn. Mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kí n tó kọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀.

Màmá àgbà kan ló tẹ̀lé ìyàwó ọmọ wọn wá sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ìyá ọmọ wà nínú oyún la ti rí kòkòrò HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń lo oògùn rẹ̀ láti ìgbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọkọ rẹ̀ àti fún ìyá ọkọ rẹ̀, ohun tí kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ obìnrin láti ṣe. Màmá náà kò lé e jáde, wọn kò sì kó ìwọ̀sí bá a. Mo tètè ń sọ èyí nítorí pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí kó máa rò pé òpònú ni màmá yìí, tàbí ìkà èèyàn. Ìfẹ́ ọmọ ọmọ wọn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé.

Bí mo ṣe ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, màmá tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ìgò kékeré kan jáde. Nǹkan dúdú kan tí wọ́n fi àdín pò ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ni, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Díẹ̀ ni kí wọ́n máa tọ́ ọmọ lẹ́nu láràárọ̀ fún ọjọ́ méje, kí wọ́n fi èyí tó bá kù sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí àti láyà. Ẹni tó tà á fún wọn ní gáréèjì sọ pé àwọn òyìnbó ti ṣèwádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀bọ máa ń ní HIV tí kì í pa á, nítorí náà agbára tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ló yẹ kí ọmọ náà gbà sára.

Màmá wo ojú mi. “Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé irọ́ ni pé ọ̀bọ ń ní in tí kì í kú?”

Ẹnu mi wọhò. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni, nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ ẹni tó ta oògùn náà, òótọ́ ni. Ìdajì kejì ló lè pa ọmọ. Mo bẹ màmá kí wọ́n má tíì fi ohunkóhun kan ọmọ náà lẹ́nu, kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta péré. Mo mọ̀ pé bí mo bá kàn jágbe mọ́ wọn pé “ẹ lọ da nǹkan yẹn nù,” wọ́n á dá mi lóhùn pé “ó dáa,” wọ́n á sì délé fi tọ́ ọmọ lẹ́nu. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo lọ sílé, mo kàwé títí oorun fi fẹ́ gbé mi lọ. Ohun tí mo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n padà wá ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ̀lé èèyàn lọ gba oògùn HIV rí á ti gbọ́ “CD4.” Wọ́n á ní CD4 lágbájá ti lọ sókè, ti tàmẹ̀dò ti wá sílẹ̀. Àwọn kan rò pé orúkọ àyẹ̀wò ni, àwọn mìíràn rò pé orúkọ oògùn ni. Ilà ojú ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, ilà ojú. Ẹ̀yin àgbà á rántí pé láyé àtijọ́, bí a bá rí ẹni tó kọ pélé, tàbí gọ̀mbọ́, tàbí àbàjà, kò tíì ní la ẹnu sọ̀rọ̀ tí a ó ti mọ ibi tó ti wá. Bákan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ara wa, àwọn tí mo máa ń pè ní ọmọ ogun ara ní ojú ewé yìí, ṣe ní ilà tiwọn. Èròjà pròtéìnì kéékèèké ni, wọ́n yọrí síta lára sẹ́ẹ̀lì bí ẹ̀gún ṣe ń yọrí lára igi. Àwọn onímọ̀ fún wọn ní nọ́ńbà, CD4, CD8, CD28, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti lé ní 300 báyìí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ CD4 ni ọ̀gágun tó ń pàṣẹ fún àwọn yòókù. Nígbà tí dókítà bá ní CD4 ẹnì kan jẹ́ 600, ohun tó ń sọ ni pé nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tó kéré bíńtín, irú ọ̀gágun bẹ́ẹ̀ 600 ló wà níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ilà sẹ́ẹ̀lì fi yàtọ̀ sí ilà tiwa: ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan jẹ́ etí tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, àwọn kan jẹ́ ọwọ́ tó fi ń di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni HIV ti rí wa mú. Kòkòrò yìí kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì kankan bí kò bá rí ibi dì mú lójú rẹ̀. CD4 ló kọ́kọ́ máa ń dì mú, lẹ́yìn náà ló máa wá ìkejì, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní CCR5. Ẹ fi wé ilẹ̀kùn tó ní àgádágodo méjì. Bí kọ́kọ́rọ́ olè bá ṣí ọ̀kan tí kò ṣí ìkejì, ìta ló máa sùn.

Ó wá kan ọ̀bọ. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí náà ṣe ṣorí. Tí ẹ bá dúró lókèèrè wò wọ́n, òótọ́ ni. Àmọ́ tí ẹ bá sún mọ́ wọn títí dé ojú sẹ́ẹ̀lì wọn, ẹ ó rí i pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń kọlà tirẹ̀.

Ó lé ní ogójì oríṣi ọ̀bọ àti ìnàkí ní ilẹ̀ Áfíríkà tó ń gbé kòkòrò kan tó bá HIV tan kiri nínú igbó. SIV ni wọ́n ń pè é. Èyí táwọn onímọ̀ ti wò jù nínú wọn ni ọ̀bọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, tí àwọn òyìnbó ń pè ní sooty mangabey. Igbó Sierra Leone, Liberia àti Côte d'Ivoire ló ń gbé. Èmi á máa pè é ní eléérú. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ eléérú tó ní SIV, wọ́n á bá kòkòrò rẹpẹtẹ níbẹ̀, bíi ti èèyàn tí kò lo oògùn HIV rí. Síbẹ̀ á máa jẹ, á máa fò láti orí igi bọ́ sórí igi, á máa bímọ, á sì gbó kó tó kú. Èyí ni ìdajì òótọ́ tí ẹni tó ń ta oògùn ní gáréèjì gbọ́.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan níbẹ̀, torí pé òun ló ṣí màmá lójú jù nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ká ní ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ eléérú tó ń pa kòkòrò ni, ṣé kòkòrò á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀? Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kún fún kòkòrò fọ́fọ́. Ojú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 eléérú tó ṣe kókó jù, ìyẹn àwọn àgbà tó ń pẹ́ láyé, tí wọ́n ń rántí àrùn tí ara ti bá jà rí, CCR5 ṣọ̀wọ́n. Àgádágodo kìíní wà, ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn ọmọ ogun tí kì í pẹ́ láyé tẹ́lẹ̀ ni kòkòrò ń rí pa, kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ohun kejì tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí kòkòrò bá ti wọlé, ara eléérú á dáwọ́ ìjà dúró, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ara èèyàn tó ní HIV tí kò lo oògùn á máa jà tọ̀sán tòru, ìjà àjàìsinmi yẹn sì wà lára ohun tó ń gbó o.

Ọ̀bọ mìíràn wà, green monkey, ká pè é ní aláwọ̀ ewé. Tirẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á kọ CD4 nígbà tó wà lọ́mọdé, àmọ́ bó bá ti dàgbà, tó ti rí ogun, á pa ilà náà rẹ́ kúrò lójú. Iṣẹ́ ọ̀gágun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò dúró o, ó ń bá a lọ. Kòkòrò á dé, á wo ojú rẹ̀ títí, kò ní rí ilà tó ń wá, á sì kọjá lọ. Bí dókítà tó mọ ti èèyàn nìkan bá ka CD4 ọ̀bọ yìí, ó lè rò pé kò ní pẹ́ kú, nígbà tí òun wà lórí igi tó ń jẹ èso.

Ìkẹta jẹ́ ará ilé wa. Orí rẹ̀ pupa bíi pé ó dé fìlà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó náà sì ṣe sọ ọ́ lórúkọ, red-capped mangabey. Ó wà ní ọgbà igbó ìjọba ní Okomu, ní ìpínlẹ̀ Edo, ó sì wà títí lọ dé Cameroon àti Gabon. Ní ọdún 1998 ni àwọn onímọ̀ ròyìn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn onífìlà pupa ti Gabon ni CCR5 wọn kò pé láti inú ìyá wọn. Ẹ rántí pé ara kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tó jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, èyí tí wọ́n ń pè ní jíìnì, òun sì ni ara ń wò kọ ilà sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà 24 ló já nínú àkọsílẹ̀ tiwọn, ilà náà kò sì lè jáde síta. Ṣé a ó wá sọ pé onífìlà pupa bọ́ lọ́wọ́ SIV? Rárá o. Kòkòrò tirẹ̀ ti kọ́ bó ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn mìíràn, CCR2. Ní 2001, wọ́n ròyìn irú kòkòrò yìí kan náà lára àwọn onífìlà pupa tó ti Nàìjíríà wá. Olè tó bá ilẹ̀kùn iwájú ní títì, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé.

Ọ̀bọ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta. Mo sọ fún màmá pé kí wọ́n bá mi bi ẹni tó ta ìgò náà pé ẹ̀jẹ̀ èwo nínú wọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n mi orí.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀bọ Éṣíà, torí pé òun la jọ. Ọ̀bọ kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní rhesus. Kò sí SIV nínú igbó wọn, kò bá wọn gbé rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn oníwàádìí ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ní Amẹ́ríkà, ń kọ́ nípa àrùn ẹ̀tẹ̀. Wọ́n bù díẹ̀ lára ẹran ara eléérú kan tó ní ẹ̀tẹ̀, wọ́n fi sára àwọn rhesus láti wò bóyá wọ́n á kó o. Wọn kò mọ̀ pé SIV wà nínú ohun tí wọ́n bù. Nígbà tó yá, àwọn rhesus kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ọmọ ogun ara wọn tú ká, àrùn tí kò tó nǹkan ń dá wọn dùbúlẹ̀. Ohun tí à ń rí lára ẹni tó ní éèdì gan-an ni. Kòkòrò kan náà tó jẹ́ àlejò lára eléérú ló di apani lára ìbátan rẹ̀. CCR5 pọ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 rhesus, pàápàá jù lọ àwọn tó wà nínú ìfun, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kòkòrò sì ń pa ibẹ̀ run. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Ìyá eléérú tó ní SIV ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, kòkòrò sì kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ náà kó o. Lára àwọn ọmọ ọ̀bọ Áfíríkà tó ń gbé SIV báyìí, sẹ́ẹ̀lì tó kọ CD4 tó sì tún ní CCR5 kò tó nǹkan rárá, wọ́n sì gbà pé ó wà lára ìdí rẹ̀. Ọmú ìyá ń wọlé, kòkòrò ń bá a wọlé, kò rí ilẹ̀kùn. Ọmọ tiwa kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Bí ìyá tó ní HIV kò bá lo oògùn, nínú ọmọ 100, láti orí 15 títí dé 45 ló lè kó o, bóyá nínú oyún, bóyá lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, bóyá nínú ọmú. Bí ìyá bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí ọmọ náà sì ń gba tirẹ̀, iye náà kì í tó 5.

“Tí ọmọ bá wá mu ẹ̀jẹ̀ náà,” màmá ní, “ṣé ilà ọ̀bọ ọ̀hún kò ní bọ́ sí i lára ni?”

Mo bi wọ́n padà pé, “Màmá, gbogbo ẹran àgbò tí ẹ ti jẹ láti kékeré, ṣé ìwo ti hù lórí yín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi nu ojú. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ikùn á lọ pròtéìnì ọ̀bọ bó ṣe ń lọ ẹ̀wà àti ẹja, á sọ ọ́ di oúnjẹ. Jíìnì tí ọmọ náà jogún ni ara rẹ̀ máa wò kọ ilà sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ títí tó fi máa dàgbà. Àdín kò lè tún un kọ, gbẹ́rẹ́ kò lè tún un kọ.

Àwọn kan nínú yín á sọ pé àwọn gbọ́ nípa ọkùnrin kan tí wọ́n yí tirẹ̀ padà. Òótọ́ ni. Timothy Ray Brown lorúkọ rẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Berlin ní Jámánì. Ó ní HIV, ó tún wá ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ní 2007, àwọn dókítà fi oògùn líle àti iná ìtànṣán pa mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn rọ́pò. Wọ́n dìídì wá ẹni tí CCR5 rẹ̀ kò pé, tí lẹ́tà 32 já nínú tirẹ̀. Irú wọn wà láàárín àwọn òyìnbó apá àríwá Yúróòpù, wọn ò sì pọ̀ níbẹ̀ náà. Lára àwa èèyàn dúdú, kò wọ́pọ̀ rárá. Jẹjẹrẹ padà, wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ní 2008, díẹ̀ ló kù kó kú. HIV kúrò lára rẹ̀, kò sì padà títí jẹjẹrẹ fi pa á ní 2020. Ilé iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń wá pátápátá ni wọ́n wó tí wọ́n tún kọ́, kì í ṣe ìgò kékeré kan. Kò sí dókítà tó máa ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ, nígbà tí oògùn kan lóòjọ́ wà.

Màmá kò tíì gbà tán. Wọ́n ní, “Ṣebí ara ọ̀bọ náà ni ẹ̀yin oníṣègùn ti ń dán oògùn wò kí ẹ tó fún èèyàn? Bí ara rẹ̀ kò bá jọ tiwa, kí lẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?”

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n nìyẹn? Òótọ́ ni pé wọ́n ń dán an wò lára ọ̀bọ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Àmọ́ ìlà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn mẹ́fà rí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2006, ní ọgbà ilé ìwòsàn Northwick Park ní London, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tí ara wọn dá ṣáṣá yọ̀ǹda ara wọn fún àyẹ̀wò oògùn tuntun kan, TGN1412. Mẹ́fà gba oògùn, méjì gba omi lásán. CD28, ọ̀kan nínú àwọn ilà ojú sẹ́ẹ̀lì, ni oògùn náà máa ń dì mú. Wọ́n ti fún àwọn ọ̀bọ macaque ti Éṣíà ní ìwọ̀n tó fi ìlọ́po 500 ju ti àwọn ọkùnrin yìí lọ, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Kò tó wákàtí méjì tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n ń bì, ara wọn gbóná, ìfúnpá wọn já wálẹ̀. Gbogbo ọmọ ogun ara wọn ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ọ̀tá kankan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ba ilé jẹ́. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí, kò sí ẹni tó kú, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti orí ọmọ ìka ọwọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì CD4 macaque kan tó ti rí ogun, tó ń dúró sójú ìjà, ti pa ilà CD28 rẹ́ kúrò lójú. Tiwa kò pa á rẹ́. Oògùn náà kò rí wọn dì mú lára ọ̀bọ, ó sì rí wọn dì mú lára èèyàn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò, ẹnì kan ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún, wọ́n á dúró wò ó kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sì kéré gan-an.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá sọ pé, “Àwọn tó kàwé tó báyìí, tí ọ̀bọ ṣì tàn wọ́n jẹ.”

Mo ṣì ní ohun kan láti sọ fún wọn, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù, gbẹ́rẹ́ yẹn. Ibi tí HIV ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn gan-an nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní HIV-2, tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọ̀dọ̀ eléérú ló ti wá. HIV-1, tó gba gbogbo ayé kan, ọ̀dọ̀ ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee ló ti wá, ní ìhà gúúsù ìlà oòrùn Cameroon, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ọdẹ tàbí ẹni tó ń kun ẹran ló ní ojú ọgbẹ́ lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ẹranko tútù kàn án. Ẹran tó jinná lórí iná kò fa HIV, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi dẹ́rù ba ìyá olóńjẹ. Ẹ̀jẹ̀ tútù àti ojú ọgbẹ́ ni mo ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ inú ìgò ńkọ́? Ta ló mọ ìgbà tó gbẹ, ta ló mọ abẹ tí wọ́n fẹ́ fi sín gbẹ́rẹ́ náà? Tẹ́tánọ́ọ̀sì nìkan tó láti pa ọmọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Èyí tí wọ́n fẹ́ tọ́ ọ lẹ́nu náà kò dára. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní HIV, tí ìyá rẹ̀ sì ń fún lọ́mú, ọmú nìkan àti oògùn tí ilé ìwòsàn bá fún un ló gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe àgbo, kì í ṣe àdín, kì í ṣe omi gbígbóná. Bí a bá da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọmú, ó lè ha ìfun ọmọ, kí kòkòrò sì tibẹ̀ wọlé. Ẹ ti rí i báyìí pé ìgò tí wọ́n rà láti lé HIV ì bá ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ń dùn mí. Àwọn ìwé ìròyìn wa, títí kan èyí tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí nígbà kan rí, ti pe àrùn yìí ní kògbóògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà pé àrùn kan kò gbóògùn, kí ló kù fún wọn ju kí wọ́n máa wá ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ kiri? Ó gbóògùn. Kò tíì sí èyí tó ń lé e kúrò lára pátápátá fún gbogbo èèyàn, àmọ́ oògùn tó ń tì í mọ́lé wà, tí ẹni tó ń lò ó á fi dàgbà, á fi rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Láti ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa fún aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyàwó màmá wa ń lo hóró kan lálaalẹ́. Ọmọ náà ń gba oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní nevirapine.

A ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fún ọmọ náà nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọn kò rí HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò tíì parí, nítorí pé ó ṣì ń mu ọmú, a ó sì tún un ṣe títí tó fi máa já lẹ́nu ọmú, kí a tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Màmá kò da ìgò náà nù. Wọ́n ní owó wọn wà níbẹ̀, wọ́n gbé e padà lọ sí gáréèjì láti lọ gba owó wọn, àmọ́ ẹni tó tà á ti kó kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé ìgò náà wá fún mi, èmi ni mo sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí ilé ìwòsàn. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé láago mẹ́sàn-án alẹ́, kí agogo fóònù òun tó dún rárá, màmá á ti gbé omi àti oògùn dé iwájú òun, wọ́n á sì dúró tì í títí òun á fi gbé e mì.

Gbèsè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ṣì wà lọ́rùn mi, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó san án. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé béèrè nípa iyọ̀ àti máàgì, ti yín ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.